Àga Mẹ́fà Tó Sọ Mí Di Orogún Ìyàwó Mi

Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, obìnrin nìkan la máa ń pè ní òjòwú. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́, ìyá mi sì ni ìyáálé. Mo dàgbà sínú ilé tí wọ́n ti ń fi ariwo ìkòkò bára wọn sọ̀rọ̀, tí ẹnìkan á kí ẹnìkejì, tí onítọ̀hún á máa wo ògiri. Mo sọ fún ara mi pé irú ẹ̀ kò ní wọ ilé tèmi. Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo fẹ́. A jọ wá sí Berlin, a ń gbé ní Märkisches Viertel, ní àjà kẹsàn-án ilé gíga kan, a sì bí ọmọbìnrin kan. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, n kò fi ojú owú wo ìyàwó mi rí, nítorí kò fún mi nídìí ẹ̀. Nígbà tí owú máa wá bá mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin ló gbé e wá. Àga ló gbé e wá.

Káfíńtà ni mí. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan ìṣó títí tó fi máa mọ bí a ti ń fi igi mú igi. Mo gba fúrídọ̀mù, wọ́n da páúdà sí mi lórí, a ya fọ́tò. Nígbà tí mo gbé ìwé yẹn dé Berlin, obìnrin tó wà nídìí tábìlì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kì í ṣe Zeugnis, ìwé ẹ̀rí tí àwọn mọ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, láàárín àwọn tí àbúrò mi tó kéré jù lè rán níṣẹ́. Mo yege, mo di Geselle, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti gbàwé ẹ̀rí. Ẹni tó ju Geselle lọ ni wọ́n ń pè ní Meister, ìdánwò tiẹ̀ sì tún jìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo forúkọ sílẹ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ọ̀ràn ilé dá mi dúró. Orúkọ yẹn há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Gesundbrunnen, nínú àgbàlá kan lẹ́yìn ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti káàdì fóònù. Àga àtijọ́ la máa ń tún ṣe jù níbẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi nìkan. Ará Jámánì ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dára, á fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí igi méjì ti pàdé, á ní, "Ó lọ." Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ "Ó lọ" yẹn, ó sì ń tó mi jẹ, ó ń tó mi sùn.

Nígbà tí òtútù ọdún kan ń kásẹ̀ nílẹ̀, obìnrin àgbà kan ní Altona, ní Hamburg, kó àga mẹ́fà ránṣẹ́ sí wa. Opó ni. Ará Amẹ́ríkà ni ọkọ rẹ̀, ọwọ́ àwọn baba ńlá ọkọ yẹn ni àwọn àga náà sì ti wá, láti abúlé kan níbẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn ṣì kéré. Mo ti tún àga ọlọ́lá ṣe, èyí tí wọ́n fi wúrà kùn létí, èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Nígbà tí mo tú aṣọ lára àwọn wọ̀nyí, mo ní ṣé torí èyí ni wọ́n fi sanwó ọkọ̀ láti Hamburg? Àga àgbẹ̀ ni. Òpó mẹ́rin, pákó pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n tò sẹ́yìn bí àkàbà, ọ̀pá tó dábùú láàárín ẹsẹ̀, ìjókòó tí wọ́n fi koríko odò hun. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kùn ún ti ṣí kúrò ní gbogbo ibi tí ọwọ́ ènìyàn máa ń dì mú.

"Wá ìṣó fún mi lára rẹ̀," ni ọ̀gá mi wí.

Mo yí i po, mo dojú rẹ̀ dé. N kò rí ìṣó. N kò rí gọ́ọ̀mù. Síbẹ̀, nígbà tí mo dì í mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì tí mo mì í, kò ró kẹ́kẹ́. Ọ̀gá mi wá ṣàlàyé. Igi máápù tútù, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ni ẹni tó ṣe é fi ṣe òpó. Àwọn ọ̀pá ìdábùú ló kọ́kọ́ yan nítòsí iná títí wọ́n fi gbẹ táútáú. Ó wá ki gbígbẹ bọ inú tútù. Bí òpó ṣe ń gbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ihò rẹ̀ ń súnkì, tó ń fún ọ̀pá mọ́ra, títí ẹnikẹ́ni kò fi lè yọ ọ́ mọ́ láìfọ́ ọ. Lára òpó, mo rí ìlà tín-ín-rín kan tí ọkùnrin náà fi irin fà yíká, kó lè mọ ibi tí yóò dá ihò sí. Kò pa á rẹ́. Ọ̀pá iwájú ti jẹ wọnú láàárín, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń gbé ẹsẹ̀ lé e láti ìran dé ìran. Mo jókòó tì í, mo ń fọwọ́ pa ìlà yẹn. Ó dà bíi pé ọ̀gá mi ti Ìjẹ̀bú ló ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn, tèmi ni àwọn àga náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló ni wọ́n.

Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún ara wọn ṣe. Ẹsẹ̀ méjì tí kòkòrò ti jẹ, mo gbẹ́ òmíràn, mo so ó mọ́ ọn débi pé ọ̀gá mi ní láti gbé gíláàsì sójú kó tó rí oríkèé ibẹ̀. "Ó lọ," ni ó wí, lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ku ìjókòó. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jẹrà. Ọkùnrin tó máa ń hun ìjókòó fún wa ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí bóyá mo lè gbìyànjú. Mo ní kí ló le níbẹ̀. Ewé koríko náà, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó lọ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di okùn, a ó máa gbé okùn náà gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti etí wọ àárín. Mo wò ó nínú fídíò, mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó rí bí irun tí ọmọdé di fún bèbí.

Ọjọ́ Sátidé ni, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílé, ó wá gba tèmi lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀. Pflegeheim kan lẹ́bàá Wittenau ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó dúró ti àga náà pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Dádì, ta ló hun èyí?"

"Èmi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi kó rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì fa okùn kan wò, ó ní, "Ẹ ò jẹ́ kó mumi tó. Ẹ sì lọ́ eléyìí sọ́tùn-ún, ẹ lọ́ èyí tó tẹ̀ lé e sósì. Wọ́n ń bára wọn jà."

Ará Ògòtún-Èkìtì ni ìyàwó mi. Ẹní híhun ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ìlú wọn, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló sì dàgbà sí, lórí ẹní, láàárín ewé tí wọ́n sá sóòrùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń mọ irú nǹkan wọ̀nyẹn nípa ìyàwó ẹni. N kò rí ẹní lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó tú gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta hun láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì rẹ ewé tuntun sómi. Ó fa ìtí igi kan tó wà nílẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbé àga náà síwájú bí ẹni fẹ́ di irun fún ọmọ. Ojú rẹ̀ kò sí lára ewé. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa arúgbó kan tó kọ̀ láti jẹun láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ fúnra rẹ̀, ó ń lọ́, ó ń fà, ó ń tẹ̀, okùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan kó nípọn níbòmíì. Mo ń gbọ́ tí ewé tútù ń dún kín-ín-kín-ín. Fún wákàtí kan tàbí méjì, inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá mi yà wá mú ohun kan. Ìjókòó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé ní àárín. Ó kúnlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní igun kìíní, ní èkejì, ó tẹ gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ń retí "Ó lọ."

"Láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí," ni ó wí fún ìyàwó mi. "N kò rí ọwọ́ tó tó èyí rí. Níbo lo fi í pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí?"

Mo ka ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn lọ́kàn. Ó pọ̀ ju gbogbo èyí tó ti fi yìn mí láti ọdún mẹ́sàn-án lọ. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi hun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lọ́sàn-án tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, àti ní gbogbo Sátidé. Láàárín àkókò yẹn ni mo rí i pé ìwà mi ń yí. Bí ó bá mú ewé wálé láti lọ́ ọ níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń ní ilé ń rùn. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ díẹ̀, mo máa ń ní ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nídìí ààrò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá nípa iṣẹ́ náà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un pé kó má gbàgbé pé igi ni àga, aṣọ lásán ni koríko jẹ́ lára rẹ̀.

Ó rò ó díẹ̀. "Ta ló wá ń jókòó lórí igi, Dádì?"

Ọmọ wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a máa kó wọn padà, èmi, ìyàwó mi àti ọ̀gá mi la wọ ọkọ̀ ọ̀gá mi lọ sí Altona. Ilé obìnrin náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, ní àjà kejì, pẹ̀lú fèrèsé gíga. Èmi ni mo gbé àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gun àtẹ̀gùn. Obìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ọ̀pá rìn, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó jókòó lórí èkíní. Ó dìde, ó jókòó lórí èkejì. Ó béèrè ẹni tó hun ún. Ọ̀gá mi nawọ́ sí ìyàwó mi. Obìnrin náà fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Meisterin."

Meisterin, Meister tó jẹ́ obìnrin. Kò tiẹ̀ rò ó kó tó sọ ọ́. Obìnrin tí kò ṣe Ausbildung, ìkọ́ṣẹ́ tiwọn, fún ọjọ́ kan rí, tó kàn gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Mo dúró níbẹ̀, òógùn àtẹ̀gùn ń ṣàn lẹ́yìn mi.

Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ni ẹ wa ọkọ̀ wá? Ẹ kú làálàá."

"Ọkọ mi ni," ni ìyàwó mi wí kíá. "Òun ló tún gbogbo igi rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ méjì wà níbẹ̀ tó jẹ́ tuntun, ẹ ò lè mọ èyí tí wọ́n jẹ́."

"Ó dára, ó dára," ni obìnrin náà wí, ó sì tún ń wo ìjókòó.

Kí a tó kúrò, ó mú ìyàwó mi wọ yàrá rẹ̀ lọ wo àga keje, èyí tí kò jẹ́ kó kúrò nílé. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ìjókòó àkọ́kọ́ ṣì wà lórí èyí, gan-an bí wọ́n ṣe hun ún ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ó ti dúdú bí tábà, ó sì ń dán. Okùn kan ti ń já ní igun ọ̀tún. Obìnrin náà ní òun máa pè wá nípa rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ aṣọ funfun ni tiwa, gbọ̀ngàn kan la háyà fún ìsìn. Ó ní Ọlọ́run jí ẹ̀bùn tí òun ti gbàgbé, ó sì fi ọkọ òun ṣílẹ̀kùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn, àgbà ìjọ kan dì mí léjìká mú, ó ní, "Ẹ kú oríire o. Mo gbọ́ pé ìyàwó yín ti ń kọ́ yín níṣẹ́ báyìí." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ibi nínú. Mo bá wọn rín in títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi dùn mí. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ wa wò mí lójú, ó fi èdè Jámánì bi mí bóyá inú ń bí mi. Mo ní rárá. Ó ní ó hàn lójú mi.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ilé bàbá mi. Mo ti ń ṣe gbogbo ohun tí àwọn ìyá mi máa ń ṣe. Mo ti ń wo ògiri tí wọ́n bá kí mi. Èmi àti ìyàwó mi ti di orogún, àga sì ni ọkọ tí a jọ fẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin Altona pe fóònù mi, torí nọ́ńbà mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní igun àga keje ti ń já sí i, òun fẹ́ kí Meisterin wá wò ó, òun sì ní àwọn ojúlùmọ̀ tó ní irú àga bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ rí i. Mo dúró nínú àgbàlá ṣọ́ọ̀bù. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí títí dòní. Mo ní, "Ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè jókòó pẹ́. Ṣùgbọ́n èmi lè wá."

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé èmi ni obìnrin náà ní kí n wá. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ń lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù kan ní Hamburg. Ó di oúnjẹ fún mi, ìrẹsì àti dòdò, ó ní kí n má jẹ ẹ́ ní tútù. Mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ń wo pápá tó ń sá kọjá, mo sì ń sọ fún ara mi pé okùn kan ṣoṣo ni. Mo ti wo bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ló wà níbẹ̀ tí ojú mi kò tíì rí?

Obìnrin náà gbé àga náà kalẹ̀ fún mi nítòsí fèrèsé, ó lọ po tíì. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n fi aṣọ tútù bò ó, kí n fi sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, kí ewé tó ti gbẹ fún igba ọdún rọra rántí omi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi aṣọ tútù nù ún, mo dúró díẹ̀. Mo fẹ́ kó ti parí kí obìnrin náà tó gbé tíì dé, kó lè fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ tèmi náà. Mo di okùn tó já mú, mo fà á kí n lè so tuntun mọ́ ọn.

Ó ró bí ìgbà tí ènìyàn tẹ àkàrà gbígbẹ mọ́lẹ̀. Okùn yẹn já, èyí tó tẹ̀ lé e já, mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo apá ọ̀tún sì ya sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ti kì sí abẹ́ rẹ̀ kó lè rọ̀ dà jáde sórí bàtà mi. Háhá àgbàdo ni. Háhá àgbàdo lásán, tí ẹnìkan bó nínú oko rẹ̀ kí bàbá bàbá mi tó wáyé, tó ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Obìnrin náà gbé àwo tíì dé. Ó rọra gbé e kalẹ̀. Kò pariwo, kò bú mi. Ó ní, "Orí rẹ̀ ni ọkọ mi máa ń jókòó sí láti wọ bàtà." Ó bu tíì fún mi, ó ní, "Nígbà wo ni ara ìyàwó yín máa yá?"

Mo ní ó máa yá láìpẹ́.

Nígbà tí mo délé, ìdajì òótọ́ ni mo sọ. Mo ní mo fọwọ́ kan àga kan lọ́dọ̀ obìnrin náà, ó sì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń fẹ́ kí ìyàwó mi wá. N kò mẹ́nu ba ìpè. Ìyàwó mi gba ìsinmi ọjọ́ méjì, a sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ní ẹnu ọ̀nà ilé náà, kí a tó bọ́ kóòtù, obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́? Ọkọ yín ní ó dùn yín débi pé ẹ ò lè jókòó."

Ìyàwó mi wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó yíjú padà sí i. "Ó ti sàn, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè."

Ó fi ọjọ́ kan rẹ àga náà pẹ̀lú aṣọ tútù, ó ń pààrọ̀ aṣọ náà ní wákàtí-wákàtí. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ la sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó okùn àtijọ́ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tì wọ́n padà sáyè wọn, ó sì ń fi ewé tuntun di ibi tí kò sí nǹkan mọ́. Ó ní kí n ṣa gbogbo háhá àgbàdo náà jọ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣà á láti abẹ́ ibùsùn, láti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó kì í padà sínú rẹ̀ kó tó pa á dé. Ó gba apá tó ju ìdajì lọ là. Ìyókù jẹ́ ewé tuntun, ó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, kò sì sí ẹni tí kò ní rí i. Ìyàwó mi sọ fún obìnrin náà pé òun lè pa á láró kó dọ́gba. Obìnrin náà ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ti kúrò ní Hamburg kí ìyàwó mi tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà.

"Dádì, ìgbà wo ni wọ́n pè?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ̀yìn lẹ sì ní ó ń dùn mí." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Àwọn ọdún tí ẹ fi ń kọ́ṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo ń gbé àwọn arúgbó sókè, tí mo ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, kí ilé má bàa dúró. Ẹ̀yìn dùn mí nígbà yẹn. Mo máa ń fi ọwọ́ di ògiri mú kí n tó lè wọ balùwẹ̀. Ẹ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn."

Ọkùnrin tó jókòó ní òdìkejì wa ń ka ìwé rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní, "Mo jowú rẹ."

"Mo mọ̀. Láti Sátidé àkọ́kọ́ yẹn ni mo ti mọ̀, nígbà tí ẹ gbé ìgbálẹ̀. Mo rò pé ó máa lọ fúnra rẹ̀."

"Kò lọ."

"Mo rí i."

Ó yíjú sí fèrèsé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Kò ní òun ti dárí jì mí, n kò sì béèrè.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi, torí pé mo ti parọ́ fún òun náà. Ó ń nu irinṣẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe sí ewé náà, n kò sì ṣe é. Títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, tábìlì ilé ìdáná àti ilẹ̀kùn ló ń gbé fún mi ṣe. Àga àtijọ́ kọjá níwájú mi, kò dúró lọ́dọ̀ mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ti dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù ní Pflegeheim. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó máa ń lọ sí Altona láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀, torí àwọn ojúlùmọ̀ obìnrin náà pọ̀, wọ́n sì ń mú ojúlùmọ̀ mìíràn wá. Ọ̀gá mi ti ń fún mi ní àga padà, mo sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi igi tútù mú igi gbígbẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú igi tí mo là fúnra mi. Àga méjì tí mo kọ́kọ́ ṣe ya lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta dúró.

Tí mo bá ní owú náà ti tán, irọ́ ni mo pa. Tí fóònù rẹ̀ bá dún tí mo gbọ́ tó ń dáhùn pẹ̀lú ohùn tó máa ń lò fún àwọn oníbàárà, owú náà ṣì máa ń jí. Mo ti mọ̀ ọ́n wàyí, bí ènìyàn ṣe ń mọ oríkèé tó máa ń ro ó nígbà òtútù. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún mi mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo ti din ẹja, mo sì ti tẹ ẹ̀bà sílẹ̀ nígbà tó wọlé. Ìka rẹ̀ ti bó, ewé ti gé e. Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo jókòó. Mo bi í bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ó wò mí díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àga mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, ó ní ọ̀kan nínú wọn kéré, ti ọmọdé, ẹni tó sì kọ́kọ́ hun ún kì í ṣe ọ̀jáfáfá, ó ti lọ́ okùn rẹ̀ gba òdì ní igun kan, ẹni náà rí i, ó sì ṣàtúnṣe rẹ̀ ní ìlà kejì. Ó ṣàpèjúwe igun náà fún mi pẹ̀lú ìka rẹ̀ nínú omi. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Mo gbọ́ ọ láìdá sí i, títí ẹ̀bà fi tutù.